Aṣọ Òrùlé Ọkọ̀ Bàbá Rẹ

Ilé wa, Muṣin,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun alaásárì.

Kúdí, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí mo tún ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀,

Mo kí ọ, bàbá rẹ náà kí ọ. Ara wa le, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó ń rojọ́ láti ìgbà tí mo ti ń rá wọ inú ọkọ̀ tí mo ń rá jáde. Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù kò lè gba gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé tí o pè mí láti ibi iṣẹ́ tuntun rẹ ní Ìsẹ́yìn, tí ìpè já láàárín ọ̀rọ̀, tí mo sì ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, irọ́ ni mo pa. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ pa, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ti ẹnu rẹ jáde. Mo máa dé ibẹ̀. Má wulẹ̀ kọ́kọ́ ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn kà, nítorí mo mọ ìwà rẹ, bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa ń ka ìwé ìtàn láti kékeré.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ dókítà ẹran ọ̀sìn, wọ́n ní inú abúlé ni iṣẹ́ náà wà, láti gáà màlúù dé oko adìẹ, pé ẹni tó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan ni àwọn máa mú. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ìdílé yìí sì ní ni ti bàbá rẹ, tó ti wà nínú àgbàlá láti ìgbà tí àìsàn ti mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ní àbùkù, mẹkáníìkì ń bá wa tan án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú rẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Aṣọ òrùlé ti wó sílẹ̀, pákó pẹlẹbẹ inú ilẹ̀kùn ti mu omi òjò títí ó fi wú, ìjókòó tòun ti ọ̀rá orí rẹ̀ sì ti ya létí débi pé fóòmù ń yọjú wo èèyàn. Ìwọ fúnra rẹ lo dúró ní pálọ̀ tí o ní, "Mọ́mì, mi ò lè gbé ìyẹn lọ síbi iṣẹ́ láéláé. Kí wọ́n kúkú mú ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kí Bọ̀dá Ràṣídì tà á."

Bọ̀dá Ràṣídì, àbúrò bàbá rẹ tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù, ti mú oníbàárà wá kí omi ojú rẹ tó gbẹ. Ẹni náà fẹ́ tú ọkọ̀ náà palẹ̀, kó máa ta á ní ẹyọ-ẹyọ. Bàbá rẹ kàn yí ojú sí ògiri. Mo wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, mo wo ojú ìwọ náà, mo ní kí ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n fi tún inú rẹ̀ ṣe, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o máa fi wà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Bí o bá dé tí inú ọkọ̀ náà kò bá wù ọ́ jókòó sí, kí oníbàárà máa gbé e lọ. Bọ̀dá Ràṣídì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Kúdí, télọ̀ lẹ jẹ́, mọ́tò kì í ṣe bùláòsì o."

Ó dáa. O ti rí i bó ṣe rí nígbà tí o dé. Bí a ṣe ṣe é ni o kò mọ̀, inú bí a ṣe ṣe é sì ni gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ wà. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Èmi ti ṣubú púpọ̀, mo sì ti wo ẹ̀yìn dáadáa.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ọ̀rá.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà tí bàbá rẹ ra ọkọ̀ yẹn. Ẹni tó tà á fún wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ìjókòó rẹ̀ ní tuntun, ó sì fi ọ̀rá bò ó. Ṣé o mọ àwa ará ibí. Bí a bá ra tìmùtìmù tuntun, ọ̀rá kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́, ojú ẹni tí kò mọ iyì nǹkan la fi ń wò ó. Bàbá rẹ fẹ́ yọ ọ́, èmi ni mo ní ó di èèwọ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń jókòó lórí ọ̀rá. Òógùn ń bo ìdí wa, ooru ń sú ọ ní itan, ọ̀rá ń dún ṣàràṣàrà bí a bá yí ìdí padà, inú mi sì ń dùn pé ìjókòó mi ṣì tuntun. Lọ́jọ́ tí o fi bírò lu ihò sí i lẹ́yìn ìjókòó bàbá rẹ, mo gbá ọ létí. Mo rò pé o rántí.

Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, tí mo ká ọ̀rá yẹn kúrò, Àbẹ̀kẹ́, mo fi ọwọ́ bo imú. Gbogbo aṣọ abẹ́ rẹ̀ ti bu. Omi tó ń yọ́ wọlé lójú fèrèsé kò rí ọ̀nà jáde, abẹ́ ọ̀rá ló ń sùn sí. Bí mo bá fi ọwọ́ fà á, ó ń ya bí ewé tó gbẹ. Mo wá dé ẹ̀yìn ìjókòó bàbá rẹ, mo rí ibì kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ mi tó ṣì le dáadáa, tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣí rárá. Ibẹ̀ gan-an lo lu níhò. Atẹ́gùn rí ọ̀nà wọ ibẹ̀, òun nìkan ló yè.

Nítorí náà, ọmọ mi, jọ̀ọ́ dárí ìgbájú yẹn jì mí. Ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni mo fi pẹ́ kí n tó tọrọ rẹ̀. Ohun tí mo sì ń sọ fún ọ ni pé kí o lo ohun tí o ní. Aṣọ tó dára, wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, má dúró de ọjọ́ ọdún. Àwo tí mo fún ọ, fi jẹun. Ọgbọ́n tó wà lórí rẹ náà, má fi ọ̀rá bò ó títí wọ́n á fi bẹ̀ ọ́. Bí o bá rí i pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún àwọn adìẹ kò bá àkókò mu, sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o rí i.

Èkejì ni píìnì.

Aṣọ òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í wó ní ọdún tí o wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìpọ̀nrí. Bàbá rẹ ní ká gbé e lọ fún oníṣẹ́. Èmi tí mo jẹ́ télọ̀, mo ní oníṣẹ́ wo, mo kó píìnì tí mo fi ń há aṣọ láti ṣọ́ọ̀bù, mo gún gbogbo rẹ̀ mọ́ òkè. Ó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì ń yan kiri. Mi ò mọ̀ pé fóòmù pẹlẹbẹ tó wà láàárín aṣọ àti pákó òkè ti di ìyẹ̀fun nítorí oòrùn. Kò sí ohun tí píìnì fẹ́ dì mú. Ibi tí mo bá ti gún ni aṣọ ń ya, píìnì dípẹtà, ìyẹ̀fun pupa náà sì ń kù sórí irun rẹ àti sára yunifọ́ọ̀mù funfun rẹ láràárọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ sọ ọ́ ní Kúdí Gàrí.

Ọjọ́ Ajé kan lo sọ ọ́, o fi ojú sí ìta fèrèsé. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa já mi sílẹ̀ ní igun títì, ẹ má dé géètì." Láti ọjọ́ náà títí o fi jáde ilé ẹ̀kọ́ yẹn, igun ni bàbá rẹ ń já ọ sílẹ̀ sí. Kò bínú. Á dúró títí o fi máa wọ géètì, á tó tan ọkọ̀. Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo mọ bó ṣe máa ń mí kanlẹ̀.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń gún làpálàpá ní píìnì, ìwọ lo sì jìyà rẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ ní ọ́fíìsì yín, má gún un ní píìnì kí ọ̀gá lè rí i pé ó dúró lónìí. Wá ohun tó di ìyẹ̀fun lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta rèé, òun ló sì dùn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo lọ bá Múfútáù, oníṣẹ́ ìjókòó mọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹkáníìkì, mo ní mo fẹ́ ra aṣọ òrùlé àti gọ́ọ̀mù. Ó wò mí láti gèlè dé sálúbàtà. "Alhaja, àbẹ́ẹ̀gì, ẹ má stress ara yín. Iṣẹ́ ìró àti bùbá kọ́ rèé o. Ẹ gbé mọ́tò wá ká bá yín ṣe é shárp-shárp." Inú bí mi. Mo gba ọjà mi, mi ò bi í ní ìbéèrè kan. Mo délé, mi ò tú òrùlé sílẹ̀, mi ò ha fóòmù àtijọ́ kúrò. Mo da gọ́ọ̀mù lé e, mo fi aṣọ tuntun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì tutù, mo fi ọwọ́ pa á títí ó fi tẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó dán gbinrin. Mo pe àwọn ará ilé wá wò ó. Mo jó, kí n má purọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, oòrùn ràn. Bọ̀dá Ràṣídì mú oníbàárà rẹ̀ dé láti wá tan ọkọ̀ gbọ́. Bọ̀dá Ràṣídì fúnra rẹ̀ jókòó síwájú pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó le gbagidi, ó ń ṣàlàyé ẹ́ńjìnì. Gbogbo aṣọ òrùlé náà já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun. A kò rí orí rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ là ń gbọ́. "Yéè! Ìyá Kúdí! Ẹ ti pa mí o! Kí lẹ dè sílẹ̀ síbí?" Bó ṣe ń jà láti jáde ni aṣọ ń lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí a fà á yọ, fìlà kò bá a jáde.

Bàbá rẹ wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú un, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún lu itan. Èmi wọ kíṣìnì lọ, mo sunkún. Ọ̀sẹ̀ kan ti lọ, aṣọ ti bàjẹ́, oníbàárà sì ti ń sọ fún Bọ̀dá Ràṣídì pé kí wọ́n má fi àkókò òun ṣòfò. Ó dà bíi pé mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé iṣẹ́ rẹ jù sílẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ìkánjú máa dójú tì mí nìyẹn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé aṣọ ìyàwó kan jáde tí mo kàn fi òwú há, mi ò tíì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, nítorí mo gba iṣẹ́ ju agbára mi lọ. Apá rẹ̀ tú níwájú àwọn àáfà. Mo rò pé mo ti kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ bínú sí èèyàn, kì í rántí ọgbọ́n. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ.

Mo nujú, mo ká aṣọ tó já náà, mo gbé e padà lọ bá Múfútáù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó nira fún mi ju kí n gbé omi gun òkè lọ. Mo ní, "Ọmọ mi, mo wá kọ́ ni. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó fi ọwọ́ fọ́ ìyẹ̀fun tó wà lẹ́yìn aṣọ náà. "Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkú fóòmù, Alhaja. Ẹ tú òrùlé yẹn wálẹ̀, ẹ ha á títí pákó á fi mọ́ kedere. Ẹ pa gọ́ọ̀mù sára pákó, ẹ pa á sẹ́yìn aṣọ, ẹ wá fi sílẹ̀ kó gbẹ."

"Kó gbẹ kí n tó lẹ̀ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ìka kàn án tí kò mú yín, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mú. Èyí tó tutù yẹn, irọ́ ló ń pa fún yín."

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, Àbẹ̀kẹ́. Ní ibi iṣẹ́ tuntun rẹ, o máa rí ẹni tí kò kàwé tó ọ tó mọ màlúù jù ọ́ lọ. Bi í. Bó bá tilẹ̀ fi ọ́ rẹ́rìn-ín lánàá, bi í lónìí.

A tú òrùlé sílẹ̀. Síkúrù ibi tí wọ́n ń fi ọwọ́ dì mú, síkúrù iná inú, gbogbo rẹ̀ ni mo kó sínú agolo mílíìkì kan kí ọ̀kan má bàa sọnù. A fa pákó náà jáde láti ẹ̀yìn, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á fún ọjọ́ méjì. Ìyẹ̀fun náà gba gbogbo àdúgbò, aládùúgbò wa ṣépè fún mi nítorí aṣọ tó sá, mo sì bá a fọ̀ ọ́ padà. Nígbà tí ó wá kan gọ́ọ̀mù, ẹ̀rù bà mí. Ta ló máa sọ fún mi pé ó ti yá? Mo mọ ara mi, ọwọ́ mi ti ń yún mi láti tẹ̀ ẹ́.

Bàbá rẹ ní kí n gbé àga òun súnmọ́ ọn. Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde. Ó ka á lẹ́ẹ̀kan yípo, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fi ẹ̀yìn ìka kan gọ́ọ̀mù. Ó ní, "Kò tíì yá." Ó tún ka á yípo. "Kò tíì yá." Mo ní, "Alhaji, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti gbàgbé?" Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Nígbà tó yí i ká lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ìka kàn án, ó gbé ojú sókè sí mi bí ọ̀gá sí ọmọ iṣẹ́. "Ìyá Kúdí, ó yá. Láti àárín lọ sí etí. Má sáré."

Láti àárín lọ sí etí ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, Àbẹ̀kẹ́, tí n kò sáré. Ó lẹ̀ pinpin. Oòrùn ọjọ́ kejì ràn, ó lẹ̀. Oòrùn ọjọ́ kẹta ràn, ó lẹ̀, bàbá rẹ sì ní kí n má jó títí di ọjọ́ keje. Ọjọ́ keje, àwa méjèèjì la jó, èmi lórí ìdúró, òun lórí àga. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá rẹ tí gbogbo wa ti ń fi oúnjẹ síwájú rẹ̀, tí a ń sọ pé "ẹ sinmi, ẹ sinmi," tí a kò mọ̀ pé ìsinmi yẹn ló ń pa á lọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ jókòó nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì lè ṣiṣẹ́.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà mọ́. Jẹ́ kí n máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ìjókòó kò fún wa ní wàhálà tó òrùlé. Mo tú aṣọ àtijọ́ ní ojú rírán kọ̀ọ̀kan, mo fi ṣe àpẹẹrẹ, mo gé lẹ́dà tuntun lé e lórí bí mo ṣe ń gé aṣọ oníbàárà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi mẹ́ta ló kán kí n tó lọ ra èyí tó nípọn ní ọjà Tẹ́júoṣó. Pákó inú ilẹ̀kùn tó wú, mo yà á sórí pákó tuntun, mo gé e, mo fi aṣọ wé e. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gbogbo rẹ̀, nínú àgbàlá yìí ni, lábẹ́ okùn aṣọ sísá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn, Múfútáù fúnra rẹ̀ wá. Ó wọlé, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó wo òrùlé, ó fi ọwọ́ tẹ gbogbo igun rẹ̀, ó fi èékánná fa ojú rírán. Ó wá jáde, ó bọ́ fìlà. "Alhaja, ẹ ti gba fírídọ̀ọ̀mù." Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ọmọ mi, mo gba fírídọ̀ọ̀mù iṣẹ́ kejì! Ó ti gbé ìjókòó oníbàárà rẹ̀ kan wá fún mi láti rán.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ tí a dá. Bọ̀dá Ràṣídì dé pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀, fìlà lọ́wọ́, kò jẹ́ fi sórí. Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, ó tún ti í, ó tún ṣí i. Ó ní òun kò ní tú u palẹ̀ mọ́ o, òun fúnra òun ló máa gùn ún, ká sọ iye tí a bá fẹ́. Bọ̀dá Ràṣídì ti ń fi ọwọ́ pa ọwọ́. Bàbá rẹ gbé ọ̀pá rẹ̀, ó fi dìde dúró, kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Ó ní, "Ràṣídì, ọkọ̀ dókítà ni. Kò sí fún títà." Hàn-ìn! Bí o bá rí mi lọ́jọ́ náà! Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé ilé.

Ṣùgbọ́n ìwọ gan-an lo kù. O dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀. O ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, o gbé ọwọ́ sókè, o fi kan òrùlé, o ní, "Mọ́mì, ẹ ṣé," o sì wọlé lọ di ẹrù. Ìyẹn nìkan. Ní ìdájí ọjọ́ Ajé o gbé e lọ. Mo ṣàdúrà fún ọ, mo juwọ́ sí ọ, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹun títí di ọ̀sán. Mo ń rò ó pé, ṣé ó gbé e nítorí pé kò sí òmíràn ni? Ṣé ibi iṣẹ́ rẹ̀ náà ní igun?

Mo fẹ́ sọ ohun kan fún ọ tí mi ò sọ fún bàbá rẹ rí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ madam mi ní Yábàá, èédú ni ìyá mi ń tà. Bó ti wù kó fọwọ́ tó, dúdú náà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó gbé àpò èédú lórí, ó dúró láti fún mi ní ẹ̀wà tó dì sínú ewé. Àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ wò ó, ọ̀kan bi mí pé, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Ará àdúgbò wa ni." Ìyá mi gbọ́. Ó gbé ẹ̀wà náà kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ," ó sì lọ. Títí ó fi kú, kò mẹ́nu kàn án. Mo jẹ ẹ̀wà náà, ó dùn. Mi ò tíì jẹ nǹkan tó korò tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà nígbà tí o ní ká já ọ sílẹ̀ ní igun, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá ọ wí? Mo ní èrè tèmi ló dé. Mo gbà á, mo sì dákẹ́.

Ní báyìí, ìpè ọjọ́ Ajé. O ní o gbé ọkọ̀ náà wọ inú ọgbà wọn lọ, o páàkì rẹ̀ síwájú ọ́fíìsì gan-an. O ní àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ wá wò ó, ọ̀gá yín náà tẹ orí wọlé, ó bi ọ́ níwájú gbogbo wọn pé, "Dókítà, ta ló ṣe inú mọ́tò yìí fún yín?" Mo gbá fóònù mọ́ etí. O wá ní, "Mo sọ fún wọn pé ìyá mi ni."

Ibẹ̀ ni mo ti tẹ fóònù pa, Àbẹ̀kẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgbàlá, níbi tí ọkọ̀ náà máa ń wà, mo sunkún ayọ̀, mo sì dárúkọ ìyá mi sókè ketekete, mo ní, "Ìyá mi, ọmọ ọmọ yín ti bá mi san gbèsè ọjọ́ yẹn."

Mo ti ń pẹ́ jù, ìrun ti ń súnmọ́. Ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án kí gọ́ọ̀mù má bàa gbóná jù. Má gbé bàtà oko tó tutù sórí lẹ́dà mi. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ọ̀rá bo ìjókòó yẹn fún ọ, lé e jáde. Wo ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀, wàá rí àpò kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyókù. Aṣọ tó yè níbi tí o lu ni. Fi bírò rẹ síbẹ̀.

Bí o bá ń bọ̀ wálé fún Iléyá, bàbá rẹ ní òun máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Má dúró ní igun. Wa ọkọ̀ náà wọlé tààrà, kí o sì fun fèrè rẹ̀ dáadáa kí gbogbo àdúgbò jáde wá wò ọ́.

Èmi ni,
Rísíkátù ọmọ eléèédú, ìyá rẹ.